Ẹ Tọ́jú Ẹṣin Náà Kí Ẹ Tó Yà Á ní Fọ́tò

Láti ìgbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba ọdún 2024 ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ẹṣin ti di ohun tí gbogbo ayẹyẹ ń wá. Ọjọ́ ìbí, ẹṣin. Pre-wedding, ẹṣin. Oyè jíjẹ, ẹṣin. Àwa ọmọ Okun náà ò gbẹ́yìn. A fẹ́ kí wọ́n rí wa lórí ẹṣin ní Kàbà.

Àwa ò bínú ẹwà o. Àwọn ìdílé Balógun Ìjẹ̀bú tó ń gun ẹṣin wá síwájú Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá ti ń ṣe é tipẹ́. Ìtàn wọn ni. Ohun tó ń bí wa nínú ni bí a ṣe ń múra. A ó fi wákàtí mẹ́ta kun ojú ẹni tó fẹ́ gun ẹṣin, a ó lọ aṣọ, a ó we gèlè. Ẹṣin ńkọ́? Ó wà nínú oòrùn, wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kò rí omi mu. Tó bá wá tàpá, a ó ní ẹṣin burúkú ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó: ẹṣin kì í ṣe àga.

Tí ẹnikẹ́ni bá máa mọ èyí, àwa ọmọ Okun ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Kó tó di 1897, ẹṣin ogun Tápà láti Bídà ni ẹṣin tó ń dẹ́rù ba àwọn baba ńlá wa. Wọ́n gbọ́ ìró pátákò, wọ́n sá gun òkè. Àwọn ìlú wa ń kó ènìyàn fún Bídà bí ẹni ń san owó òde. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company, tí George Goldie kó lẹ́yìn, gba Lọ́kọ́ja wọ Kàbà. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ṣẹ́gun Bídà. Ènìyàn gan-an ni owó ẹṣin ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà àtijọ́. Cadamosto, oníṣòwò ará Venice tó dé ilẹ̀ Senegal ní 1455, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrú mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń fi ra ẹṣin kan.

Ẹṣin gan-an kò gbádùn ọ̀rọ̀ náà. Eṣinṣin tsetse inú igbó ń kó àìsàn tó ń pa á ràn án. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin kì í fi í pọ̀ bí a ṣe ń sún mọ́ gúúsù. Wọ́n lo ẹṣin bí irinṣẹ́, wọ́n lo ènìyàn bí owó. Ọmọ ẹni tí wọ́n fi ṣe owó rí kò gbọdọ̀ fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Àwọn kan á ní, “A ti sanwó, kí ló tún kù?” Wákàtí lẹ rà, ẹ ò ra ìyà. Àwọn mìíràn á ní ó ti mọ́ ọn lára. Ta ló bi í? Etí rẹ̀ ni kí ẹ wò: tó bá na etí síwájú, ó ń fetí sílẹ̀, tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí sẹ́yìn, inú ń bí i. Ẹ dúró.

Ìmúra tòótọ́ kò le. Omi ni àkọ́kọ́: ẹṣin máa ń mu tó lítà 20 sí 40 lójúmọ́, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Koríko tẹ̀ lé e, torí ikùn rẹ̀ kéré, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹun látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn iyanrìn kúrò lẹ́yìn rẹ̀ kí gàárì tó gun ibẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á di egbò. Tí egbò bá ti wà níbẹ̀, ẹ dá a padà sílé, fọ́tò parí nìyẹn. Ẹ gbé pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ẹ yọ òkúta. Ẹ fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀. Ẹ má kùn ún lọ́dà. Kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, kò sì rí ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀, nítorí náà ẹ gba ẹ̀gbẹ́ èjìká wá, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ gbé drone àti flash jìnnà sí i. Ọkọ àti ìyàwó kì í jọ gun ẹṣin kan.

Aago méje àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ yà á. Ẹ bi ayàfọ́tò yín, ìmọ́lẹ̀ ìgbà náà ló dára jù fún ojú ènìyàn pẹ̀lú. Ohun tó tu ẹṣin lára ló ń mú fọ́tò dára.

Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi lé ẹni tó ni ẹṣin lórí. Àwa tí à ń sanwó táṣẹ́rẹ́, tí a fẹ́ lò ó látàárọ̀ dalẹ́, là ń fìyà jẹ ẹ́. Kí owó omi, owó koríko àti wákàtí ìsinmi wà nínú àdéhùn.

Tí ìyẹn bá pọ̀ jù, àwọn òkè tí àwọn baba ńlá wa sá gùn ṣì wà níbẹ̀. Òkè kì í mu omi, kì í sì í tàpá. Ẹ lọ ya fọ́tò níbẹ̀.