Ta Ni Ó Ra Baba Ńlá Wọn?

Bí ọmọkùnrin bá lóun ti rí ìyàwó l'Ogbooro, ẹbí kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Ṣé kò sí wèrè nínú ìran wọn? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá, ṣé wọn kì í jalè? Èmi ò bá wọn jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í bèèrè síta, tó jẹ́ ẹnu dé etí: ṣé ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí ni baba ńlá wọn, àbí ẹrú tí wọ́n rà?

Ìbéèrè yìí ló tú ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níwèé ká. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gbé iṣu tuntun wá fún bàbá rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ oko ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n dá iṣu náà padà. Ọmọkùnrin yìí níṣẹ́ lọ́wọ́, kì í mutí, ó mọ àgbà. Ẹ̀sùn tí wọ́n rí kà sí i lọ́rùn kò ju pé ogun ló kó baba ńlá rẹ̀ wọ̀lú lẹ́rú.

Ìdí nìyí tí n kì í gbà fún ẹni tó bá ní ìwé ìfẹ́ oní-idán jẹ́ eré ọmọdé. Lọ́dún 2018, Tomi Adeyemi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan, Children of Blood and Bone, jáde. Ní ìlú tó finú rò níbẹ̀, irun funfun ni wọ́n fi ń dá àwọn tí ìran wọn ń pidán mọ̀. Ọba Saran ti pa àwọn àgbà wọn. Ọmọ tó bá ṣẹ́ kù, tí kò rí owó orí san, oko ẹrú ló ń lọ. Zélie, tí wọ́n pa ìyá rẹ̀, ló wá kó sínú ìfẹ́ Inan, àrẹ̀mọ ọba kan náà. Irun Inan fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun! Ó ń fi akoto bò ó. Ẹ̀jẹ̀ tí Saran ń lé kiri ìlú, inú ọmọ tirẹ̀ ló wà. Nígbà tí Saran fojú ara rẹ̀ rí i, idà ló fi gún un. Nínú àwa tí à ń tú ìdí ìran onílé kejì, ta ló mọ gbogbo ibi tí ìyá ìyá rẹ̀ ti wá?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ka ìwé náà bínú sí òǹkọ̀wé rẹ̀ pé kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì fẹ́ra. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Inan fẹ́ràn Zélie, kò parọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kan kó kẹ̀yìn sí òfin bàbá rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì dà á. Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà kò tàn wá nínú eré rẹ̀, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970: oyún tí Adétutù ní fún Ìtáwuyì, ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹjọ́ ikú ló dà lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán, Ìyálóde tó ni wọ́n. Ẹni tó lágbára láti yí òfin padà kò yí i.

L'Ogbooro, ẹ̀yin àgbà tí à ń rán níṣẹ́ ìwádìí lẹ lágbára yìí. Ẹ má dáwọ́ ìwádìí dúró. Ẹ bèèrè bóyá ọkùnrin náà ń lu obìnrin. Ẹ bèèrè bóyá ó ń jẹ gbèsè. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ kó àwọn méjèèjì lọ sọ́sibítù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá AS ló fẹ́ fẹ́ AS.