Ẹ yé fi dókítà obìnrin ṣe MC nìkan

Ẹ wọ ọsibítù ìjọba lágbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí àwọn obìnrin lẹ́nu iṣẹ́: nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, dókítà, apòògùn. Wàyí o, ẹ ṣí fóònù yín, kẹ́ ẹ wo fláyà àpérò ìṣègùn tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin tó wọ kóòtù, tó so táì, ló kún ibẹ̀. Bí obìnrin kan bá wà níbẹ̀, MC ni, tàbí ẹni tó máa kí àlejò káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: kò dáa.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan o. Lọ́dún 2019, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú òṣìṣẹ́ ìlera 100 lágbàáyé, nǹkan bíi 70 ló jẹ́ obìnrin, àmọ́ nínú ipò ọ̀gá 100, nǹkan bíi 25 péré ló wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, Francis Collins, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NIH, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, kéde pé òun ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ níbi àpérò tó bá jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbé sórí pèpéle.

Àwọn kan á ní, “Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù là ń pè.” Ó dáa. Ní oṣù Keje ọdún 2014, Dókítà Stella Adadevoh ló kọ̀ jálẹ̀ pé Patrick Sawyer, tó kó Ebola wọ Èkó, ò ní kúrò ní ọsibítù. Ẹ̀mí rẹ̀ ló fi dí i. Ọ́fíìsì NAFDAC wà níbí ní Ìsọlọ̀, létí títì Òṣòdì sí Àpápá. Apòògùn obìnrin, Dora Akunyili, ló darí àjọ náà láti 2001 di 2008, tó gbógun ti ayédèrú oògùn. Obìnrin náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye tó di ọ̀gá ibẹ̀ lọ́dún 2017. Ṣé àwọn wọ̀nyí ò mọ̀ ọ́n ni?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ẹni tó ń ṣètò máa ń pe ọ̀gá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lésìí ni wọ́n tún ń pè lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ tó sọ wọ inú CV rẹ̀, CV yẹn ló fi ń gba ìgbéga àti owó ìwádìí. Obìnrin tí wọn ò pè ò ní nǹkan tó máa fi hàn. Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Aláìsàn náà ń fara gbá a. WHO ṣírò pé nínú 100 obìnrin tí oyún tàbí ìbímọ pa lágbàáyé lọ́dún 2020, ó lé ní 28 tó jẹ́ ti Nàìjíríà. Bí wọ́n bá ń jíròrò ọ̀rọ̀ yìí, tí wọn ò pe agbẹ̀bí tó ń gbẹ̀bí lóru, ta ló fẹ́ sọ fún wọn ibi tó ti ń dà rú?

Mo kàwé òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òfin dé. Apá 42 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ò fàyè gba kí ìjọba máa ṣe ojúsàájú nítorí pé èèyàn jẹ́ obìnrin. Àmọ́ ìjọba ló dojú kọ. Ó ṣòro láti fi de ẹgbẹ́ aládàáni tó ń ṣe àpérò tiẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà. Dókítà gbọ́dọ̀ ní máàkì CPD kó tó sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ dọ̀tun, MDCN tó jẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ ló sì ń bójú tó o. Kí MDCN sọ pé àpérò tí kò bá ní obìnrin lára àwọn olùbánisọ̀rọ̀ gbòógì ò ní máàkì kankan. Ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa tètè wá obìnrin rí!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà, ẹ̀yin ọkùnrin inú wọn ni mo ń bá wí jù. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ béèrè àwọn tẹ́ ẹ jọ fẹ́ sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin nìkan, ẹ dárúkọ obìnrin tó mọ iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọkùnrin nìkan ló gbọ́n níbẹ̀.