Ọ̀run Ń Ya Bọ̀: Ọ̀ràn Ta Ni?

Àwọn àgbà ní ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀ràn ẹnìkan. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi í ṣe ìrọ̀rí. Bí a bá sọ fún wọn pé ewu kan ń bọ̀ wá bá gbogbo ayé, wọn a ní ṣebí gbogbo wa ni yóò kàn, wọn a sì yí ẹ̀gbẹ́ padà sùn. Ní èrò tiwa, àṣìlò òwe ni èyí. Ohun tí kì í ṣe ọ̀ràn ẹnìkan, ọ̀ràn gbogbo ènìyàn ni. Kì í ṣe ọ̀ràn tí kò kan ẹnikẹ́ni. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí àwọn ọmọ ń bi léèrè bí ayé yóò ti parí, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń ru àsíá kiri ìgboro.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ìyàngbò kúrò lára ọkà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọmọlẹ́yìn oníwàásù kan tí ń jẹ́ William Miller dá ọjọ́ fún ìpadàbọ̀ Jésù: ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1844. Àwọn àgbẹ̀ kan nínú wọn fi irè oko sílẹ̀ láìkórè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, oòrùn yọ, ebi kò sì gbàgbé ẹni tí kò kórè. Ní ọdún 1910, nígbà tí ìràwọ̀ onírù tí à ń pè ní Halley fẹ́ kọjá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí ta oògùn tí wọ́n ní yóò gba ènìyàn lọ́wọ́ èéfín ìrù rẹ̀. Ìràwọ̀ náà kọjá lọ. Owó tí wọ́n fi ra oògùn kò padà. Ní ọdún 2011 ni oníwàásù orí rédíò kan, Harold Camping, tún dá ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún. Nígbà tí ọjọ́ pé tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, ó sún un sí ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá. Ìyẹn náà kọjá.

A kò sọ èyí láti fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé Mímọ́ àwọn Kristẹni sọ pé ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ náà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù pẹ̀lú kọ́ni pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nìkan ni ìmọ̀ àkókò náà wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dá ọjọ́ fún wa, kì í ṣe pé ó tàpá sí ọgbọ́n nìkan, ó tàpá sí ẹ̀sìn tí ó lóun ń wàásù rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn elékèé ti pariwo ìkookò púpọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé kò sí ìkookò nínú igbó. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, àpáta ńlá kan já láti ojú òfurufú sí ibi tí à ń pè ní Mẹ́síkò lónìí. Ìparun tí ó tẹ̀lé e gbá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin irú ohun abẹ̀mí tí ó wà láyé nígbà náà lọ. Ìparun ṣeé ṣe, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Èyí tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù lọ ni èyí tí ọwọ́ ènìyàn dá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, bọ́ǹbù átọ́míìkì méjì péré bọ́ sí Hiroshima àti Nagasaki ní ilẹ̀ Japan. Kí ọdún náà tó parí, àwọn tí ó kú lé ní 100,000. Lónìí, orílẹ̀-èdè 9 ní irú ìjà yìí lọ́wọ́, iye rẹ̀ sì tó nǹkan bí 12,000. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń kìlọ̀ láti ọdún 1983 pé bí àwọn alágbára bá fi wọ́n jagun, èéfín ìlú tí ń jó yóò bo ojú oòrùn, òtútù yóò mú, irè oko yóò sì kùnà ní ilẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìjà náà. Ní ọdún 1983 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, ẹ̀rọ ìkìlọ̀ àwọn ará Soviet kéde pé Amẹ́ríkà ti yin ìjà sí wọn. Ọ̀gá ológun kan, Stanislav Petrov, kò gba ẹ̀rọ náà gbọ́. Ó ní àṣìṣe ni. Àṣìṣe ni lóòótọ́: ìtànṣán oòrùn lára ìkuukùu ni ẹ̀rọ rí. Ayé tí ó fi ara ti làákàyè ẹnìkan lóru ọjọ́ kan kò tíì fi ara ti ibi tí ó le.

Ẹlòmíràn yóò ní, kí ni ti àgbẹ̀ Ìlọ́rà tàbí oníṣòwò Ìjẹ̀bú nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa. Nàìjíríà, tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ó gba òmìnira, lé aṣojú Faransé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, lẹ́yìn ìdánwò kẹta. Ǹjẹ́ Faransé dáwọ́ dúró? Rárá, ó tún yin òmíràn ní oṣù kẹrin. Ohùn ẹnìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò ṣègbé: ní ọdún 1996, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pawọ́ pọ̀ fọwọ́ sí Àdéhùn Pelindaba pé irú ìjà yìí kò gbọdọ̀ sí ní ilẹ̀ wa, àdéhùn náà sì di òfin ní ọdún 2009.

Àbí a rò pé iṣẹ́ ọwọ́ kò lè dènà ìparun? Ìgbóná pa nǹkan bí mílíọ̀nù 300 ènìyàn láàárín ọdún 1900 sí ìgbà tí a fi borí rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1966, ní ìhà Ìlà-oòrùn Nàìjíríà, oògùn àjẹsára kò tó; William Foege àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò káwọ́ lérí. Wọ́n wá ibi tí àrùn wà kiri, wọ́n sì gún àwọn tí ó yí aláìsàn ká ní abẹ́rẹ́. Ọgbọ́n tí a dá ní ilẹ̀ wa yìí di ti gbogbo ayé, nígbà tí ó sì di ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán. Ìjà átọ́míìkì tí ó tó nǹkan bí 70,000 ní ọdún 1986, àdéhùn ni ó dín in kù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 pàápàá, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ òfurufú kan kọlu òkúta ojú òfurufú tí ń jẹ́ Dimorphos, ipa ọ̀nà rẹ̀ sì yí padà. Àpáta tí ó pa àwọn ẹranko ìgbàanì run kò bá ẹni tí ó lè tì í sẹ́yìn. Tiwa lè bá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá bi yín léèrè bóyá ayé yóò parí, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì dẹ́rù bà á. Ẹ kọ́ ọ láti bi ẹni tí ń kéde ìparun ní ìbéèrè méjì: kí ni ẹ̀rí rẹ, kí ni o sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Wòlíì èké kì í ní ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kì í ṣàìní ohun tí yóò gbà. Onímọ̀ tòótọ́ yóò fi ẹ̀rí hàn, iṣẹ́ ni yóò sì bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí olùdíje bá dé pẹ̀lú ìlù àti ijó, ẹ bi í ní ohun tí ó kọjá títì àti omi ẹ̀rọ. Ẹ bi í bí ilé ìwòsàn wa yóò ti tètè mọ àrùn tuntun kí ó tó tàn. Ẹ bi í ohùn tí Nàìjíríà yóò fọ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà tí àwọn alágbára bá ń dá ìjà jọ. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn tí ó ka ìjà átọ́míìkì léèwọ̀. Kì í ṣe kí ìwé náà máa gbé inú àpótí ni.

Bí ọ̀run bá ń ya bọ̀, ẹnìkan kò lè fi orí gbé e. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń ké sí ìwọ náà pé kí o na ọwọ́ sókè.