Ọmọ Kọ́ Ló Ba Ọkọ̀ Ìṣeré Náà Jẹ́

Lẹ́yìn ọdún Kérésì, Ìgbẹmọ-Èkìtì a máa parọ́rọ́. Àwọn ọmọ ìlú tó wálé ti padà pẹ̀lú àpò ìrẹsì Ìgbẹmọ nínú búùtù wọn. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ni ọkọ̀ ìṣeré onírìmóòtù. Ọmọ yóò fi ṣeré fún ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwé yóò wọlé, ìyá yóò sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù títí di Àjíǹde. Nígbà tí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò ní mira mọ́. “Kí lo fi ọkọ̀ yìí ṣe?” Àgbà mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè kí ó tó fa pàṣán yọ.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni mo fẹ́ gba ẹjọ́ wọn rò lọ́sẹ̀ yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí a gbé bátìrì náà pamọ́ sí ló ti kú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ báyìí, pípa súìṣì kò já iná tán: pátákó kékeré tó ń gba àṣẹ rìmóòtù ṣì ń mu díẹ̀díẹ̀, bí ìkòkò tó ń jò. Ẹ wo ara bátìrì: “Li” dúró fún lítíọ́ọ̀mù, “Ni” fún níkẹ́ẹ̀lì. Bí agbára ẹyọ lítíọ́ọ̀mù kan bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi fólítì 3 lọ, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ṣájà kò sì ní gbà á mọ́. Ti níkẹ́ẹ̀lì, kódà bí a bá yọ ọ́ sílẹ̀, agbára rẹ̀ ń dín kù fúnra rẹ̀, ooru sì ń mú un yá. Ta ni kò mọ bí abẹ́ páànù ṣe ń gbóná lóṣù Ẹrẹ́nà?

Nítorí náà, ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò lára ọkọ̀. Bó bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù, ẹ má gbé e pamọ́ ní òfìfo, ẹ má sì jẹ́ kí ó kún dẹ́nu. Èyí yóò ya àwa tí a máa ń ṣáájì gbogbo nǹkan bí NEPA bá ti mú iná wá lẹ́nu, ṣùgbọ́n lítíọ́ọ̀mù tó kún, tó wà ní fólítì 4.2, máa ń tètè gbó nínú ooru. Ìdajì, nǹkan bíi fólítì 3.8 fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ló bá a lára mu. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò ní mítà tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e síbi tó tutù, tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ẹ yọ bátìrì tọ́ọ̀ṣì inú rìmóòtù náà, nítorí omi inú rẹ̀ a máa jáde, a sì máa jẹ irin.

Àwọn bàbá wa a máa sá bátìrì rédíò sóòrùn kí wọ́n lè gbọ́ ìròyìn alẹ́, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò pẹ̀lú lítíọ́ọ̀mù. Iná lè sọ. Èyí tó bá ti wú, ẹ má ṣáájì rẹ̀, ẹ má gún un, ẹ gbé e jìnnà sí ohun tó lè gbaná. Ti níkẹ́ẹ̀lì tó dákẹ́ ní tirẹ̀, ẹ ṣáájì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Ó lè jí.