Eruku inú kòròfo ọta ìbọn kì í ṣe ohun àmúwọlé

Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá tó ń lo ìbọn òyìnbó kì í sábà bojú wẹ̀yìn wo kòròfo ọta tó jábọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá yìnbọn tán. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdẹ àti àwọn tó ń fi ìbọn díje níbẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣa kòròfo wọn, tí wọ́n á kó o lọ sílé, tí wọ́n á fọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì tún ẹ̀tù àti ọta tuntun kì sí i. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe é fún ìlò ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa tà á ló gbọ́dọ̀ gbà á. Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ìbọn ọdún 1959 kò fàyè gba kí èèyàn jókòó sínú ilé rẹ̀ kó máa ṣe ọta, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ka ọ̀rọ̀ yìí tán kó ní òun fẹ́ dán an wò.

Kì í ṣe ahun ló ń ṣe àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyí. Idẹ ni kòròfo ọ̀hún, bàbà ìdá 70 nínú 100, síǹkì ìdá 30, owó kékeré sì kọ́ ni wọ́n ń rà á. Bí iná ẹ̀tù bá ràn, idẹ yìí á wú dí ihò ìbọn pa, á sì tún sún kì pa dà, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èéfín á ti sọ ọ́ di dúdú, ìdọ̀tí tó bá sì lẹ̀ mọ́ ọn lè ba irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún un tẹ̀ jẹ́.

Ibi fífọ̀ yìí gan-an ni wàhálà wà. Àwọn kan máa ń da kòròfo sínú ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n rìrì, pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo tí wọ́n ti lọ̀ wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, yóò máa dán bí idẹ ọrùn ọwọ́ Ọlọ́ṣun. Ó dùn ún wò, kò sì le ṣe. Àmọ́ òjé fara pamọ́ síbẹ̀. Ìdérí kékeré kan wà ní ìdí ọta, èyí tí ìbọn máa ń gbá kí iná tó ràn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, èròjà tó ní òjé ló wà níbẹ̀. Bó bá ti jó, òjé á di eruku sínú kòròfo, ṣùkù àgbàdo á gbá a jọ, ìgbà tí wọ́n bá sì ń jọ̀ ọ́ láti yọ kòròfo kúrò, eruku á sọ. Òjé ni wọ́n ń fà símú yẹn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà tún máa béèrè ohun tí òjé lè ṣe. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú nítorí òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé láti wá góòlù. Ti Zamfara pọ̀ ju ti ẹ̀rọ kékeré kan lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni òjé ń gbà wọlé: iṣẹ́ bàbá, eruku ara aṣọ, ọwọ́ ọmọ, ẹnu ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Ẹni tó bá wá gbé ẹ̀rọ yìí sí ilé ìdáná tàbí ẹ̀gbẹ́ yàrá ọmọ, kò rò ó dáadáa rárá.

Omi ló dára jù. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn ń da omi, ọṣẹ ìfọwo, irin tínńtìnnì tí kì í dípẹtà àti díẹ̀ nínú èròjà kíkan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀rọ tó ń yí. (Ọsàn wẹ́wẹ́ yìí náà ni àwọn ìyá àgbà fi ń fọ idẹ nílẹ̀ yìí.) Eruku kò lè sọ nínú omi. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ń sọ pé ó ń fàkókò ṣòfò, nítorí kòròfo gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ̀tù tó wọ̀ ọ́. Wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n èwo ló wọ́n jù, oòrùn ọjọ́ kan ni àbí ọpọlọ ọmọ? Omi tí wọ́n bá dà nù náà ní òjé nínú, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà sẹ́bàá kànga.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó ń mú idẹ dán ló dára fún un. Amóníà wà nínú àwọn ìpara ìdán idẹ kan, ó sì ń mú kí idẹ sán. Láyé ọjọ́un, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà kó ọta pamọ́ sí ilé ẹṣin lákòókò òjò. Nígbà tí wọ́n fi máa kó o jáde, kòròfo ti sán. Ọdún 1921 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Moore, Beckinsale àti Mallinson, ṣàlàyé rẹ̀: amóníà tó ń jáde látinú ìtọ̀ ẹṣin ló fà á. Kòròfo tó bá ti sán lè tú èéfín gbígbóná sójú ẹni tó yìn ín.

Ní ti àwọn ọdẹ ilé tí kì í fọ ohunkóhun, kòròfo wọn, tó máa ń jẹ́ rọ́bà tó ní irin tàbí idẹ ní ìdí, kì í pẹ́ dọ́wọ́ àwọn ọmọdé níbi ìsìnkú ọdẹ, tí wọ́n á fi súfèé. Kí àwọn olórí ọdẹ pàṣẹ pé kí oníkálukú ṣa tirẹ̀ kó tó kúrò lójú agbo, kó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbé iyán síwájú.