Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Fi Àmì Ohùn Wa Sílẹ̀, Ẹ Tún Mọ́nítọ̀ Yín Ṣe

Ó ti sú wa láti máa gbọ́ pé Yorùbá kò bá kọ̀ǹpútà mu. Olùkọ́ ń sọ ọ́, ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ń sọ ọ́, àwọn kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan náà pàápàá ti ń gbà á gbọ́. Wọ́n á ní ẹ ò rí bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe rí ni, àmì orí ọ̀rọ̀ ti di ìdọ̀tí, ẹ kúkú kọ ọ́ láìsí àmì kí àwọn ọmọ lè rí i kà. Irọ́ gbuu ni. Níbi tó pọ̀ jù tí a ti gbọ́ ẹ̀sùn yìí, kì í ṣe Yorùbá ló ṣẹ̀. Kì í ṣe Linux náà ló ṣẹ̀. Wáyà ni, tàbí ìlà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú sẹ́fà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì. Láti 2013 ni JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé, nígbà tó sì di 2015, ti orí ìwé kò sí mọ́. Ní 2024, WAEC náà mú kọ̀ǹpútà wọ ìdánwò àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀. Yorùbá wà lára iṣẹ́ tí ènìyàn lè mú ní JAMB. Ìyẹn ni pé ọmọ tó fẹ́ wá bá wa ní ẹ̀ka yìí, ojú kọ̀ǹpútà ni yóò ti kọ́kọ́ pàdé ìbéèrè tí wọ́n ń bi í lórí àmì ohùn.

Ẹ wo ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Ti àkọ́kọ́ ní ìyàwó nílé, èkejì ń kó èrò láti Ajah lọ sí CMS, ẹ̀kẹta ni àgbẹ̀ fi ń kọ ebè, ẹ̀kẹrin ni jagunjagun ń jù. Ẹ tò wọ́n sí A, B, C àti D lójú mọ́nítọ̀ tí àwòrán rẹ̀ ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ tó mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀ kò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sára èsì rẹ̀ pé wáyà ló jẹ́ kó kùnà o. Wọ́n á kàn sọ pé kò gbọ́ Yorùbá.

Àpẹẹrẹ tó bí ọ̀rọ̀ yìí wà ní àgbègbè Victoria Garden City, VGC tí gbogbo wa mọ̀, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, kí ènìyàn tó dé Ajah. (A kọ Ajah bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sójú pátákó. Pátákó ojú ọ̀nà náà kò ní àmì, àlejò kò sì lè ti ara rẹ̀ mọ bí onílé ṣe ń pe orúkọ ìlú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Láti 2018 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ ọ́ di dandan kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti àdáni máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Nítorí náà àwọn òbí tó ń bá ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ dalẹ́ ti wá ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wọn. Díẹ̀ nínú wa máa ń lọ ṣe iṣẹ́ yẹn lákòókò ìsinmi ní ilé ìdánrawò kọ̀ǹpútà kan tí a kò ní dárúkọ. Yàrá tó mọ́ ni, ó tutù, àga rẹ̀ dára. Àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní thin client, Linux ló sì wà lórí wọn.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: àpótí kékeré ni thin client, òmíràn kò ju ìwé atúmọ̀ èdè lọ. Kò ní hard disk nínú. Bí a bá tàn án, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni yóò ti lọ gba gbogbo ohun tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá kan, ìyẹn sẹ́fà, tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. LTSP ni ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe é lórí Linux, ó ti wà láti 1999, ọ̀fẹ́ sì ni. Iná tí àpótí náà ń jẹ kéré, inverter lè gbé odidi yàrá nígbà tí NEPA bá ṣe tiwọn. Ohun tí a bá sì tún ṣe lórí sẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àpótí ló bá a mu. Ẹni tó yan irú kọ̀ǹpútà yìí fún iléèwé gbọ́n, a ò bá a jà.

Ibi tí a ti ń bá a jà ni ohun tó ṣe nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n rà sí yàrá náà, èyí tó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ojú rẹ̀ ní píksẹ́lì 1366 ní ìbú àti 768 ní òró. Píksẹ́lì ni àwọn ẹ̀ka ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ tí gbogbo àwòrán fi ń jáde. Iye wọn ni wọ́n ń pè ní resolution. Ṣùgbọ́n 1024 ní 768 ni thin client ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́nítọ̀ náà. Kí àwòrán lè kún ojú rẹ̀, mọ́nítọ̀ ní láti na píksẹ́lì mẹ́ta di mẹ́rin. Níbo ni yóò ti rí ẹ̀kẹrin? Yóò po ti ọ̀tún mọ́ ti òsì ni. Òbìrìkìtì á di ẹyin. Lẹ́tà ńlá bí H tàbí M lè fara da irú ìpòpọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ńkọ́, tí kò ju píksẹ́lì kan tàbí méjì lọ? Àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ńkọ́, tó jẹ́ pé ìhà tí wọ́n dagun sí nìkan la fi ń dá wọn mọ̀? Wọ́n á di èérí.

Oògùn méjì ni ọ̀gá ibẹ̀ kọ. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo àpótí náà dànù, kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun tó ní Windows. Kó tó di ìgbà náà, ó ní kí a máa tẹ iṣẹ́ Yorùbá wa láìsí àmì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o! Owó kọ̀ǹpútà tuntun wà nínú owó tí òbí ń san, èdè sì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe gbèsè lé e lórí.

Kí ló wá ṣe mọ́nítọ̀ gan-an? Mọ́nítọ̀ kì í dákẹ́ bí ère. Bí a bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún un: ẹni tó ṣe òun, bí òun ṣe fẹ̀ tó, resolution tó bá òun mu jù. Ìwé ìdánimọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní EDID. Byte 128 péré ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nínú wáyà VGA, tí ẹnu rẹ̀ ní ihò 15, ihò kejìlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà kọjá. Wáyà gbàrọ́gùdù, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tà ní ẹdinwó, lè máà ní wáyà kankan nínú àwọn ihò méjèèjì yìí. Àwòrán á jáde, àwọ̀ á pé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Linux tí kò gbọ́ nǹkan kan kò ní fẹ́ ba mọ́nítọ̀ onímọ́nítọ̀ jẹ́, yóò wá mú 1024 ní 768, tàbí 800 ní 600 pàápàá. Windows náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fún un ní wáyà kan náà. Ẹ ra kọ̀ǹpútà ogún tuntun kí ẹ sì so wọ́n mọ́ wáyà àtijọ́, ojú tí ẹ sá fún ni ẹ ó tún bá.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe kò gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n gba wáyà kọ̀ǹpútà tó ń ṣe dáadáa, kí wọ́n fi sí èyí tí kò ṣe dáadáa, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn. Bí ojú rẹ̀ bá mọ́, a ti mú olè. Ẹ wo ẹnu wáyà náà dáadáa: bí ìkẹsàn-án kò bá sí níbẹ̀, kò burú, ọ̀pọ̀ wáyà tó dára ni kò ní in. Ti ìkejìlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni kí ẹ bi í.

Bí wáyà bá wá pé tí ojú kò sì mọ́, tàbí tí kò sówó wáyà tuntun, a lè fi ẹnu ara wa sọ fún Linux ohun tí mọ́nítọ̀ kò lè sọ. Ẹ ṣí terminal, ẹ tẹ `xrandr`, yóò dárúkọ ẹnu tí àwòrán ń gbà jáde, bíi VGA-1, pẹ̀lú àwọn resolution tó mọ̀. Bí 1366 kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ `cvt 1366 768`. Yóò fún yín ní ìlà nọ́ńbà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1368. Ẹ má jẹ́ kí 1368 yà yín lẹ́nu, nọ́ńbà tí 8 lè pín dọ́gba ni ètò náà ń fẹ́. Ohun tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Modeline ni kí ẹ fún `xrandr --newmode`, kí ẹ fi `xrandr --addmode VGA-1` so orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹnu náà, kí ẹ wá fi `xrandr --output VGA-1 --mode` gbé e wọlé. Ojú á mọ́ lójijì bí ẹni tó nu dígí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àpótí tí kò ní hard disk kì í rántí ohun tí a ṣe lánàá. Wọ́n á pa á lálẹ́, lówùúrọ̀ ó ti padà sí 1024, wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, Linux ò dára. Orí sẹ́fà ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Nínú LTSP tòde òní, fáìlì `/etc/ltsp/ltsp.conf` ni, nínú ti àtijọ́, `lts.conf`. Nínú ti òde òní, ẹ lè fi ìlà nọ́ńbà yẹn sí `X_MODELINE`, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ nọ́ńbà MAC àpótí tó ń ṣàìsàn nìkan, kó má baà kan àwọn tí ara wọn dá. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ `ltsp initrd`, ẹ tún àpótí náà tàn. Ó parí.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní font ni, kì í ṣe resolution. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, ó sì rọrùn láti dá wọn mọ̀. Bí ẹ bá rí àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí ẹ rí ẹ́, tàbí tí àmì òkè fò kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ lọ jókòó sórí ẹlòmíràn, font ni. Unicode kò fún ẹ́ àti ọ̀ ní ààyè tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ tàbí ọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀, àmì á wá gùn ún, font tí kò gbọ́n kò sì mọ bí yóò ṣe gbé e jókòó. Noto àti DejaVu wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo nǹkan bá wà ní ààyè rẹ̀ tó kàn dà bí ẹni pé ẹ bọ́ ìgò ojú yín, tí àwòrán ojú rẹ̀ sì sanra, ẹ fi font sílẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ṣebí lórí WhatsApp a kì í fi àmì sí i, a sì ń gbọ́ ara wa. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ìyá rẹ bá kọ “mo ti ra oko”, o mọ ìyá rẹ, o mọ̀ bóyá oko ló rà tàbí ọkọ̀. Ta ni ọmọ tó wà nínú yàrá ìdánwò fẹ́ bi? Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó ní kí a kàn mú kí lẹ́tà tóbi. A gbìyànjú rẹ̀: àmì hàn díẹ̀ sí i, àmọ́ àyọkà tó yẹ kó wà lójú kan di ohun tí ọmọ ń yí sókè yí sílẹ̀ nígbà tí aago ń sáré.

Ohun tó ká wa lára jù ni ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń sọ pé iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ Computer Science nìyẹn. Ẹni tó ń tọ́jú sẹ́fà ní VGC kò mọ̀ pé àmì abẹ́ ọ já sí nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, ìdọ̀tí ni. Àwa la mọ ohun tó sọnù, àwa ló yẹ kó lè tọ́ka síbi tó sọnù sí. Ní 1875 àwọn kan jókòó ní Èkó láti pinnu bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀, ní 1974 ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò báyìí. Ogun ọ̀rọ̀ ni wọ́n jà kí àmì wọ̀nyí tó dúró. Ti ìran wa kò le tó bẹ́ẹ̀ rárá. Linux fúnra rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wa: ẹ tẹ `setxkbmap ng yoruba`, pátákó ìtẹ̀wé á di ti Yorùbá.

Nítorí náà, kí gbogbo ilé tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ láti fi kọ̀ǹpútà dán an wò ní Yorùbá ṣe ohun kan kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Kí wọ́n kọ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀ sí ojú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n lẹ́tà tí ìdánwò ń lò, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá jókòó sórí àga ọmọ náà, kó kà á sókè láìnà ọrùn. Èyí tí kò bá ṣeé kà, kí wọ́n má fi ọmọ síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ láti Lẹ́kí títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ béèrè fún un níbi iṣẹ́ yín. Bí wọ́n bá ní kò sí ẹni tó lè tún un ṣe, ẹ ránṣẹ́ pè wá. Lọ́jọ́ Sátidé ọwọ́ wa máa ń dilẹ̀, wáyà méjì tó pé ihò sì wà nínú báàgì wa.