Níbo Ni Omi Yóò Gbà?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ní Mọ̀pà wó lóru ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ó pa ewúrẹ́ méjì. Ibi tí ó wó sí gan-an ni àbúrò mi obìnrin máa ń jókòó sí láti fọ abọ́ láàárọ̀. Bíríkìlà tó mọ ọ́n ní sìmẹ́ńtì ni kò dára. Aládùúgbò wa kan ní ọwọ́ ayé ni. Nígbà tí bàbá àgbà, tó bí bàbá mi, dé láti oko, wọ́n wo àwókù náà títí, wọ́n wá béèrè pé, "Níbo lẹ ní kí omi gbà?"

Kò sí ẹni tó lè dá wọn lóhùn. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí àròkọ yìí, nítorí mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ wa ní ìdáhùn rẹ̀ nílé ìwé, a kò sì tíì rí i kọ́.

Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ àwa Okun. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé ní ẹ̀bá òkè yóò kọ́kọ́ gé òkè náà kí ó tó rí ibi tó tẹ́jú, lẹ́yìn náà ni yóò wá mọ ògiri dí ojú ibi tí ó gé. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé a máa ń mọ ọ́n bí ògiri ilé. Òrùlé ni ògiri ilé ń rù. Èyí tó ń dá ilẹ̀ dúró, ìjàkadì ló ń bá òkè jà, àti òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n kọ́ wa ní físíìsì pé bí omi bá ṣe jìn tó ni agbára tó fi ń ti nǹkan ṣe ń pọ̀ tó. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ògiri bá ga ní mítà 2, tí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mu omi yó débi òkè, tí omi náà kò rí ọ̀nà jáde, omi nìkan, láìtíì ka erùpẹ̀, yóò máa fi agbára tó tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 2 ti mítà kọ̀ọ̀kan ògiri náà. Búlọ́ọ̀kù ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi dí tiwa. Kí ó tó wó, ó ti yọ ikùn bí aboyún. Gbogbo wa ló rí i, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ikùn yẹn ń sọ.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe awo. Kí ìpìlẹ̀ jìn, kí ìdí ògiri fẹ̀ tó ìdajì gíga rẹ̀ ó kéré tán, kí ó fara ti òkè díẹ̀, kí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ dípò amọ̀, kí wọ́n sì fi páìpù sí ìsàlẹ̀ kí omi lè máa jáde. Àwọn ará Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa ti ń to òkúta sí ara òkè tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀gbàrá má baà kó oko wọn lọ. Ọdún 1999 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Àwọn Konso ní Ethiopia náà wọ ìwé yẹn ní ọdún 2011. Àwọn kan nínú ògiri òkúta tiwọn ga tó mítà 5, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi sìmẹ́ńtì kankan kọ́ ọ.

Ọdún 2011 yẹn náà ni Nàìjíríà kó iṣẹ́ ọwọ́ 34 sínú ẹ̀kọ́ àwọn kíláàsì àgbà, tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù títò wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n gé 34 kù sí 6: iná oòrùn, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn. Ògiri ti bọ́ sílẹ̀. Mi ò bá ẹni tó ń gbé sólà sórí òrùlé jà o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ilé náà kọ́kọ́ dúró.

Mo mọ ohun tí wọn yóò wí. Wọ́n á ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò ní irinṣẹ́, pé inú ìwé nìkan ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni. Mo ti rí ìwé ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣe é: ó ya ṣọ́bìrì, ó kun ún ní àwọ̀, olùkọ́ fún un ní máàkì 8 nínú 10. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Iṣẹ́ tí a kò kọ́ dáadáa, kíkọ́ ọ dáadáa ni àtúnṣe rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa náà ńkọ́? Ẹ̀ ń sọ fún wa pé bí a kò bá kàwé, bíríkìlà la ó dà. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tó bá pẹ́ dé lẹ̀ ń gbé ṣọ́bìrì fún. Báwo ni a ó ṣe bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹ wá níyà? Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ, ohun tí ìyá ọ̀rẹ́ mi bi mí ni pé ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ le bí òkúta. Mo fi ọ̀wọ̀ dákẹ́. Àbúrò mi tó ń fọ abọ́ ni mò ń rò.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ló ní ibi tí ọ̀gbàrá ti ń jẹ ilẹ̀. Ẹ fún wa ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan lọ́sẹ̀, ẹ pe bíríkìlà kan tó mọ̀ ọ́n, kí olùkọ́ físíìsì dúró tì í, kí a mọ ògiri kan tó ga dé orúnkún, kí a sì dúró de òjò kí a wo bó ṣe máa ṣe. Òkúta kún Mọ̀pà, ẹnikẹ́ni kì í tà á.

Èmi àti bàbá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́yìn ilé ìdáná. A ti to ìlà mẹ́ta. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti yọ òkúta tí mo tò, nítorí mo fi gígùn rẹ̀ síta. Orí rẹ̀ ló yẹ kó wà níta, kí gígùn rẹ̀ wọ inú òkè. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí a bá ti ṣe wákàtí kan, wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á máa fi ọ̀pá tọ́ka sí òkúta tó kàn fún mi.